Èékánná Àṣá: Bí Kámẹ́rà Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ìbọn

Ní àsìkò ọyẹ́ tó kọjá, ẹyẹ kékeré kan sọ òkè àpáta tó wà lẹ́yìn họ́sítẹ́lì wa di ibùjókòó rẹ̀. Tó bá ti di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, á dé, á bà lé òkúta tó yọrí jù, á wá máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sọnù. Nígbà mìíràn á gbéra, á rà bàbà lójú kan nínú afẹ́fẹ́, á ju ara rẹ̀ sílẹ̀ lójijì, á sì gòkè padà pẹ̀lú tata tàbí alángbá lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ pupa, ilà dúdú sì dábùú rẹ̀ káàkiri. Kò tóbi ju ẹyẹlé lọ.

Mo fi fóònù ya á, mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹnìkan ní àwòdì ni. Ẹlòmíràn ní àṣá ni, ó ní kí n lọ kìlọ̀ fún ìyá tó ń sin adìyẹ nísàlẹ̀ òkè. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko wo fọ́tò náà títí, ó wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò retí: "Ṣé o rí èékánná rẹ̀?"

Àlàyé tó ṣe fún mi nìyí. Nínú èdè wa, àṣá la máa ń pe ọ̀pọ̀ àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń fi èékánná gbé ẹran. Ṣùgbọ́n méjì wà nínú wọn tí wọ́n jọra bí ìbejì: Common Kestrel àti Lesser Kestrel. Akọ wọn kò ṣòroó mọ̀. Akọ Common Kestrel ní àmì dúdú tó tò káàkiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn akọ Lesser Kestrel mọ́ láìní àmì kankan, ó sì ní àwọ̀ eérú lára ìyẹ́ apá. Àwọn abo ló ń dààmú ènìyàn. Àwọ̀ ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì ní, pẹ̀lú ilà dúdú lẹ́yìn àti nírù. Ọ̀kan lára àwọn àmì tó dájú jù láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni èékánná. Ti Common Kestrel dúdú, ti Lesser Kestrel funfun.

Èékánná ẹyẹ tó jókòó sórí àpáta, tó jìnnà sí mi tó pápá bọ́ọ̀lù! Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìtàn ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, ìbéèrè náà kò sì jẹ́ kí n sinmi. Ta ló kọ́kọ́ rí èékánná yìí? Báwo ló ṣe súnmọ́ ẹyẹ tó ń sá fún ènìyàn tó bẹ́ẹ̀? Kò pẹ́ tí mo fi rí ìdáhùn, ìdáhùn náà kò sì dùn mọ́ mi nínú. Ó ti pa á ni.

Ìbọn ni ìwé àkọ́kọ́

Ní ọdún 1758 ni Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fún Common Kestrel ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé ń pè é títí dòní, Falco tinnunculus. Ọgọ́ta ọdún gbáko ló kọjá kí ìkejì rẹ̀ tó gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí: ọdún 1818 ni Fleischer pè é ní Falco naumanni. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà náà, awò tó lè fa ẹyẹ súnmọ́ ojú dáadáa kò wọ́pọ̀, ìwé tí ènìyàn lè kì bọ àpò lọ sínú igbó kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹyẹ dájú gbọ́dọ̀ gbé e lé ọwọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á yìnbọn fún ẹyẹ náà, wọ́n á bó awọ rẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́, wọ́n á fi arsenic pa inú awọ náà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, wọ́n á ki òwú sínú rẹ̀, wọ́n á wá so ìwé pélébé kan mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pa á, ọjọ́ tí wọ́n pa á, akọ tàbí abo: gbogbo rẹ̀ á wà lórí ìwé yẹn. Inú àpótí mùsíọ́mù ló ń sùn láti ọjọ́ náà lọ.

Kí ẹ má rò pé ìkà lásán ni gbogbo wọn. John James Audubon, ẹni tó ya àwọn àwòrán inú ìwé ńlá tí wọ́n ń pè ní The Birds of America láàárín ọdún 1827 sí 1838, tọ́ ọmọ kestrel kan ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dàgbà nínú ilé rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Nero. Ẹyẹ náà ń jáde lọ sínú igbó, ó ń padà wálé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Audubon bá fẹ́ ya àwòrán, ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ gbé. Á pa ẹyẹ, á fi wáyà gun ún mọ́ pátákó, á tò ó kí ó dà bí èyí tó ń fò tàbí èyí tó ń jẹun, kí ó tó mú gègé. Ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ tó bẹ́ẹ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn tó lè fi wo ẹyẹ fínnífínní.

Ní ọdún 1874, Elliott Coues, onímọ̀ ẹyẹ mìíràn ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí. Ohun èlò àkọ́kọ́ tó ní kí wọ́n wá ni ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Ó tún gbà wọ́n nímọ̀ràn pé iye ẹyẹ tí ọwọ́ wọn bá ká nínú irú kan náà ni kí wọ́n kó. Lónìí, ẹni tó bá kọ irú èyí sínú ìwé, ariwo á sọ. Nígbà náà, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ tiwa. Irú Common Kestrel kan wà tó jẹ́ onílé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí kì í lọ sí Yúróòpù rárá. Àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn ju ti àwọn tó ń ti òkè òkun wá lọ, ó sì fẹ́ràn àpáta. Rufescens ni orúkọ rẹ̀. William Swainson ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1837, nínú ìwé tó kọ nípa ẹyẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Swainson kò dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí. Awọ òkú ẹyẹ tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jókòó tì, òun ló sì fi sọ ẹyẹ wa lórúkọ. Kò gbọ́ ohùn rẹ̀, kò rí i kí ó rà bàbà, kò mọ irú òkúta tó ń bà lé.

Àwọn tó yìnbọn gan-an kì í sábà ní orúkọ nínú ìtàn. Nígbà tí Boyd Alexander, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, rin ìrìn àjò láti odò Ọya dé odò Náílì láàárín ọdún 1904 sí 1907, José Lopes ló ń bá a kó ẹyẹ jọ. Orúkọ Alexander ló wà lára ìwé ìrìn àjò náà. Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ orúkọ Lopes?

Àwọn tó gbé ìbọn sílẹ̀

Ìyípadà kò dé lọ́jọ́ kan. Ẹnìkan tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ni Edmund Selous. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Frederick Selous, jẹ́ ọdẹ olókìkí tó pa ẹran ńlá ní gúúsù Áfíríkà. Edmund náà ti pa ẹyẹ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 1901, ó gbé ìwé kan jáde tó pè ní Bird Watching, nínú èyí tó ti jẹ́wọ́ pé pípa ẹyẹ ti kọjá lára òun, tó sì rọ àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n fi awò rọ́pò ìbọn. Ọmọ ìyá kan náà: ọ̀kan ń tẹ̀lé ẹran láti pa á, ọ̀kan ń tẹ̀lé ẹyẹ láti wò ó.

Ní àsìkò kan náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò mìíràn ti ń fi kámẹ́rà ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Richard àti Cherry Kearton ni wọ́n, ọmọ àgbẹ̀ láti agbègbè Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1892 ni wọ́n ya fọ́tò ìtẹ́ ẹyẹ tó ní ẹyin nínú. Ní ọdún 1895, ìwé wọn nípa ìtẹ́ ẹyẹ jáde, fọ́tò tí wọ́n yà nínú igbó ló sì kún inú rẹ̀, kì í ṣe àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà.

Kámẹ́rà ìgbà yẹn kì í ṣe ti fóònù. Àpótí igi ńlá ni, gíláàsì ló ń gba àwòrán dúró, gíláàsì kan fún fọ́tò kan. Ẹyẹ tó bá mira díẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ó di dandan kí àwọn Kearton súnmọ́ ẹyẹ gan-an láìjẹ́ kó mọ̀. Wọ́n ronú bí ọdẹ tó ń dẹ̀gùn de ẹran. Ní nǹkan bí ọdún 1900, wọ́n gba awọ akọ màlúù, wọ́n fi igi ṣe egungun fún un, wọ́n gbé e dúró sínú pápá bí màlúù tó ń jẹko. Richard á wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Ní ọjọ́ kan, màlúù náà ṣubú pẹ̀lú Richard nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sókè, Cherry sì ya fọ́tò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí fọ́tò náà. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n mo tún ronú pé ẹni tó gbà láti há sínú awọ màlúù kí ẹyẹ má baà kú ti rìn jìnnà sí ibi tí Audubon wà.

Ìṣòro kan ṣì kù. Fọ́tò lè fi ẹyẹ hàn, ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ń wò ó ṣe máa mọ irú èyí tó jẹ́? Àwọn àgbà onímọ̀ kò gbà pé ènìyàn lè dúró lókèèrè kí ó sọ orúkọ ẹyẹ kó sì dájú. Ludlow Griscom, ní Amẹ́ríkà, ló fi hàn wọ́n pé ó ṣeé ṣe, bí ojú bá ti mọ ohun tó yẹ kó wá. Roger Tory Peterson, tó kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, sọ ọgbọ́n náà di ti gbogbo ayé ní ọdún 1934. Nínú ìwé kékeré rẹ̀, A Field Guide to the Birds, ó ya àwọn ẹyẹ tó jọra sójú ewé kan náà, ó sì fi ìlà tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan ti yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ̀dà 2,000 tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ra ìwé yẹn kò nílò ìbọn mọ́. Wo ìrù, wo orí, wo ibi tí ìlà tọ́ka sí, ó tán.

Kámẹ́rà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀

Bí mo bá dúró síbí, ìtàn mi á dùn jù, kò sì ní pé. Ohun méjì ló yẹ kí n fi kún un.

Èkíní, àwọn òkú ẹyẹ àti ẹyin inú mùsíọ́mù ti gba àwọn ẹyẹ alààyè là. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ẹyẹ tó ń fi èékánná ṣọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí dínkù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń jókòó fọ́ ẹyin ara wọn. Ní ọdún 1967, Derek Ratcliffe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí lórí ẹyin tí àwọn ènìyàn ti kó jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ó sì rí i pé èèpo wọn bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́lẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí oògùn kòkòrò DDT dé. Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú oúnjẹ kestrel tí wọ́n ń sìn, èèpo ẹyin àwọn náà sì fẹ́lẹ́. Ká ní kò sẹ́ni tó kó ẹyin pamọ́, kí la bá fi wé ẹyin ọjọ́ òní?

Èkejì, kámẹ́rà lè ṣe ibi. Ẹni tó bá ń súnmọ́ ìtẹ́ nítorí fọ́tò lè lé ìyá ẹyẹ, kí oòrùn tàbí òjò pa ọmọ. Nígbà mìíràn ẹyẹ náà máa ń gbẹ̀san. Ní ọdún 1937, òwìwí kan fò lu Eric Hosking, olókìkí ayafọ́tò ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ìtẹ́ rẹ̀, ojú òsì Hosking sì fọ́. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ilẹ̀ náà mọ̀ pé ẹyẹ ló sábà máa ń jìyà jù. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1981 ka dída àwọn ẹyẹ kan láàmú nínú ìtẹ́ wọn sí ẹ̀ṣẹ̀, títí kan fọ́tò yíyà, àfi ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ. Méjì nínú àwọn àṣá kéékèèké tó wà lábẹ́ òfin yẹn ni merlin àti hobby.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ohun èlò yí padà nìkan. Ìbéèrè gan-an ló yí padà. Láyé Coues, ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni: kí ni ẹyẹ yìí? Lónìí, a gbọ́dọ̀ fi kún un: kí ló máa ná ẹyẹ náà kí èmi tó mọ̀?

Lọ́dọ̀ tiwa

Ìwé ńlá tó kọ́kọ́ kó ẹyẹ agbègbè wa pọ̀ ni ti David Bannerman, The Birds of Tropical West Africa. Apá mẹ́jọ ni, ó jáde láàárín ọdún 1930 sí 1951. Awọ ẹyẹ inú mùsíọ́mù ni òpómúléró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ilé. John Elgood, tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló ṣe ìwé The Birds of Nigeria tó jáde ní ọdún 1982. Ní ọdún 1964 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròyìn tirẹ̀. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ wà ní Jos, tí wọ́n ń pè ní APLORI, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ń fi fóònù kọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sílẹ̀, láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, kí a lè mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

Bóyá ẹ ó bi mí pé kí ló wá kàn wá bóyá èékánná dúdú ni tàbí funfun. Ẹ jẹ́ kí n fi Senegal ṣe àpẹẹrẹ. Lesser Kestrel ń bímọ ní Spain àti àwọn ilẹ̀ mìíràn lókè òkun, ó sì ń sá fún òtútù wá sí Áfíríkà. Wọ́n dínkù gan-an ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù láti àwọn ọdún 1950, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé nígbà ọyẹ́. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí rí ibì kan ṣoṣo ní Senegal tí iye wọn tó ju 28,000 lọ ti ń kóra jọ sùn lálẹ́. Ká ní wọ́n kàn wò wọ́n, kí wọ́n sì ní "àṣá ni gbogbo wọn", wọn ì bá má mọ̀ pé bí ẹnìkan bá gé igi ibẹ̀, ó ti fọ́ ilé ẹyẹ àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ ẹyẹ wa. Ọ̀rẹ́ mi yá mi ní awò rẹ̀. Ó kọ́ mi kí n fi ojú kámẹ́rà fóònù mi lé ẹnu awò náà, kí n fi apá mi gúnlẹ̀ sórí òkúta kí ọwọ́ má baà gbọ̀n, kí oòrùn wà lẹ́yìn mi, kí n sì jókòó síbi kan náà lójoojúmọ́ kí ẹyẹ náà lè mọ̀ mí. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí ó bá ti na ọrùn, tó ń wò mí dípò kí ó máa wo ilẹ̀, mo ti súnmọ́ jù. Kí n sún sẹ́yìn.

Ọjọ́ kìíní, fọ́tò dúdú. Ọjọ́ kejì, ó fò lọ kí n tó rí i gbá mú. Ọjọ́ kẹta, mo rí orí, mo rí ìrù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn koríko. Sùúrù mi ti ń tán. Mo wá rántí ohun tí ìyá bàbá mi máa ń sọ, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹyẹ náà mú alángbá, ó bà sórí òkúta gbalasa, ó sì tẹ ẹran náà mọ́lẹ̀. Mo ya fọ́tò mọ́kànlélógún. Nínú ọ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kedere. Èékánná mẹ́ta ni mo rí, wọ́n dúdú bí èédú.

Common Kestrel, abo. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: ọjọ́, wákàtí, ibi. Ohun kan náà ni wọ́n máa ń kọ sórí ìwé pélébé tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ òkú ẹyẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mi ò mú awò lọ, mi ò mú fóònù lọ. Mo kàn gun òkè lọ jókòó. Nígbà tó di aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ó dé, ó bà sórí òkúta rẹ̀.